Bí ẹ ṣe lè bá àwọn ọmọ yín fi bíríkì Lego kọ́ Ilé Kòkó tó ga ju mítà kan lọ, tí kò ní là sí méjì

Ilé gogoro oníbíríkì kì í sábà wó láti òkè. Àárín ló ti máa ń là. Òbí á ra àpò bíríkì, òun àti àwọn ọmọ á jókòó sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á máa tò ó lọ. Nígbà tó bá ga dé itan ọmọ, ẹnìkan á ní kí wọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ògiri á sì ya láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn pa obì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mí jù, torí èmi fúnra mi ni mo di ilé náà mú lórí, mo gbé e sókè, ìdajì ìsàlẹ̀ sì dúró sórí tábìlì. Ọmọ mi obìnrin ò sunkún. Ó kàn wò mí ni.

Ohun mẹ́ta ló ń fọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tí ojú ń rí láti ìta nínú wọn: ojú bíríkì tó dúró lé ojú bíríkì, inú tó ṣófo láìsí ohun tó dè é, àti ọwọ́ tó gbé e láti òkè. Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ ò ní ṣe èyíkéyìí. Àwa òbí ló máa ń rò pé níwọ̀n bó ti jẹ́ ìṣeré, kò lófin.

Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ni a máa fi ṣe iṣẹ́ yìí. Àjà 26 ló ní, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Tí a bá fi sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kọ̀ọ̀kan, tiwa á ga tó 105 cm, ìyẹn ni pé ó máa ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ dáadáa. Mo yan ilé yìí torí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún gbọnrangandan, kò sí kọ́lọ́fín tó máa da orí yín rú.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Bíríkì 2 × 4, ìyẹn èyí tó ní kókó 8 lórí, ni ẹ máa lò jù: 1,908 ni iṣẹ́ náà máa jẹ. 504 nínú rẹ̀ á jẹ́ funfun, 1,404 á jẹ́ àwọ̀ mìíràn. Eérú tàbí búlúù ló dára jù lójú mi. Ẹ ra 2,000, torí bíríkì máa ń wọ abẹ́ àga. Lẹ́yìn ìyẹn:

- Pẹlẹbẹ 8 × 16, ẹyọ 27. Òun ni dẹ́kìn wa.
- Pẹlẹbẹ 2 × 2, ẹyọ 8, àti táìsì 2 × 4, ẹyọ 32. Táìsì ni pẹlẹbẹ tí orí rẹ̀ dán, tí kò ní kókó.
- Ìtẹ́lẹ̀ 32 × 32 kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25.6 cm.
- Púláì tó fẹ̀ ní 40 cm lọ́nà méjèèjì, àti téèpù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì.
- Iyanrìn gbígbẹ, bíi kìlógíráàmù 2, àti náílọ́nù méjì tí kò lu.
- Rúlà, páálí, abọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìwé àti bírò, fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì.
- Irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń yọ bíríkì kúrò lára ara wọn. Àwọn ọmọ máa fẹ́ fi eyín yọ ọ́. Ẹ má gbà fún wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á ní ẹyọ ẹyọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́mbà ni ẹ máa fi wá a: 3001 ni bíríkì 2 × 4, 92438 ni pẹlẹbẹ 8 × 16, 3022 ni pẹlẹbẹ 2 × 2, 87079 ni táìsì 2 × 4, 3811 sì ni ìtẹ́lẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn já yín láyà. Àpótí mẹ́jọ tó gun ara wọn ni ilé yìí, bíríkì 234 ló sì wà nínú àpótí kan. Ẹni tó bá ní bíríkì 1,000 lè kọ́ àpótí mẹ́rin, kó sì pe ilé náà ní èyí tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́. Ìyẹn náà kò ṣàjèjì sí wa.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílé, bíríkì wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ sí níbi tọ́wọ́ rẹ̀ lè tó, torí ó lè há a lọ́fun. Ẹ wá Duplo fún un. Ìlọ́po méjì ni Duplo fi tóbi ju bíríkì yìí lọ lóròó àti níbùú, òun náà á sì lè máa kọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fọ bíríkì, ẹ dán an wò

Ẹni tó ra tuntun lè fo fífọ̀. Àlòkù ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ló kó o ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, irun ajá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lo omi tí kò gbóná ju 40°C lọ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á da omi tó ń hó lé e lórí kó lè mọ́ dáadáa. Ike náà á ká, kókó rẹ̀ ò sì ní lè di nǹkan mú mọ́. Ẹ má kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ má sì fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ ẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tówẹ̀lì lábẹ́ òjìji títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣà á, ẹ kọ́kọ́ fi ìrísí pín in, kí ẹ tó fi àwọ̀ pín in. Tí gbogbo bíríkì funfun bá wà nínú abọ́ kan, kékeré àti ńlá, ojú ò ní tètè rí èyí tó ń wá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 2 × 4 nìkan ló wà nínú abọ́, kíá lojú á mú funfun láàárín eérú.

Bíríkì oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ lè wọ inú ara wọn, àmọ́ gíga wọn lè yàtọ̀ ní ìwọ̀n bíńtín. Bíńtín yẹn, nígbà 106, kì í ṣe bíńtín mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ to bíríkì 10 lé ara wọn láti inú àpò kọ̀ọ̀kan. Láìka kókó tó yọ lókè, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 9.6 cm. Ẹ gbé òpó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá orí wọn dọ́gba. Tí ọ̀kan bá ga ju èkejì, ẹ má da oríṣi méjèèjì pọ̀ nínú ìpele kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ di bíríkì tó wà lókè pátápátá mú, ẹ gbé òpó náà sókè, ẹ mì í. Èyí tó bá já bọ́ ò yẹ lára ògiri. Ẹ kó o fún ẹni tó ń kọ́ mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ìwọ̀n bíríkì

Àyè kókó kan fẹ̀ ní 8 mm. Bíríkì kan ga ní 9.6 mm. Ìdí nìyí tí bíríkì márùn-ún lóròó fi bá kókó mẹ́fà níbùú dọ́gba: 4.8 cm ni méjèèjì. Àwọn tó ń ya ilé sórí ìwé alápótí máa ń gbàgbé èyí. Wọ́n á ka àpótí kan sí bíríkì kan lóròó àti kókó kan níbùú, ilé wọn á wá gùn ju bó ṣe yẹ lọ ní ìdá kan nínú márùn-ún, wọn ò sì ní mọ ohun tó fà á tí ojú rẹ̀ ò fi jọ ti ilé tí wọ́n ń wò.

Pẹlẹbẹ mẹ́ta ló ga tó bíríkì kan, ìyẹn ni pé pẹlẹbẹ kan jẹ́ 3.2 mm.

Tiwa rèé: ìpele bíríkì 106 jẹ́ 101.76 cm. Dẹ́kìn 9 jẹ́ 2.88 cm. Ojú ìpín méjì, tí mo máa ṣàlàyé níwájú, jẹ́ 0.64 cm. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105.28 cm. Ìsàlẹ̀ ilé náà á jẹ́ kókó 24 ní gígùn àti 16 níbùú, ìyẹn 19.2 cm sí 12.8 cm. Gíga nìkan ni mo bá ilé gidi ṣe déédéé. Mo yan 24 sí 16 kí bíríkì 2 × 4 lè yí i ká láìṣẹ́kù, ẹ sì máa rí bí ìyẹn ṣe wúlò tó láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìpìlẹ̀

Ìtẹ́lẹ̀ 32 × 32 fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá kọ́lé sórí rẹ̀ láìsí ohun tó gbà á dúró, á ká, ilé á sì bá a ká. Ẹ fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín púláì: ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà mẹ́ta láàárín. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà, torí oògùn inú rẹ̀ lè jẹ ike.

Ẹ wá ka kókó mẹ́rin láti etí òsì àti mẹ́rin láti etí ọ̀tún. Ẹ ka mẹ́jọ láti iwájú àti mẹ́jọ láti ẹ̀yìn. Ibi tó ṣẹ́ kù láàárín jẹ́ 24 sí 16 géérégé. Ẹ fi bíríkì mẹ́rin sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé púláì náà sókè, ẹ dà á bolẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí níbì kankan. Ẹ gbé e sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí rọ́ọ̀gì, ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń jó, ẹ wá ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìpele méjì tí gbogbo ilé dúró lé

Ibi tí gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà rèé, torí náà ẹ fara balẹ̀. Oríṣi ìpele méjì péré ló wà láti ìsàlẹ̀ dókè. Èmi àtàwọn ọmọ ń pe ọ̀kan ní *ìpele ìbú*, a sì ń pe èkejì ní *ìpele gígùn*.

Ìpele ìbú: ẹ to bíríkì mẹ́rin ní ìbú ilé láti igun dé igun, lójú méjèèjì. Ẹ wá fi bíríkì márùn-ún márùn-ún dí gígùn tó wà láàárín wọn. Mẹ́jọ àti mẹ́wàá, bíríkì 18.

Ìpele gígùn: ní báyìí, gígùn ló máa gba igun. Ẹ to bíríkì mẹ́fà láti igun dé igun ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, kí ẹ wá fi mẹ́ta mẹ́ta dí ìbú. Méjìlá àti mẹ́fà, 18 náà ni.

Tí ìpele gígùn bá jókòó lé ìpele ìbú, gbogbo ojú bíríkì á sún ní kókó méjì. Kò sí ojú kan tó máa bá èkejì pàdé, ní ògiri tàbí ní igun. Ẹ ò ní wá ìlàjì bíríkì rárá. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ń wá bíríkì 2 × 2 láti fi dí ihò kan, ẹ dúró. Kì í ṣe pé bíríkì yín kù. Ẹnìkan ti ṣìṣe ní ìpele kan nísàlẹ̀.

Ògiri náà nípọn ní kókó méjì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣọ́wó bíríkì á fẹ́ lo 1 × 4 kí ògiri lè tín-ín-rín. Mo gbìyànjú rẹ̀. Iye bíríkì ò dín kù, torí 19 ni ìpele kan máa jẹ, ògiri sì ń mì bíi kọ́tìnì.

Nípa fèrèsé: àwọn ọmọ máa ní àwọn fẹ́ fèrèsé gidi. Fèrèsé gidi máa gé ìdè ògiri ní gbogbo àjà. Àwọ̀ ni ká fi ṣe fèrèsé, bí mo ṣe máa ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí wọ́n bá ta kú, ẹ fún wọn ní ìpele méjì tó wà lórí pátápátá kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n níbẹ̀.

Ta ni ó ń ṣe kí ni? Nílé wa, àbúrò tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń ka bíríkì 18 sínú abọ́ ṣáájú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń tò ó. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, torí àtàǹpàkò ọmọdé kì í sábà lágbára tó ní igun. Iṣẹ́ mi ò ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra níbí, ẹ̀yin bàbá pàápàá: láàárín ìpele kẹwàá sí ogún, ọwọ́ yín á ti wọ abọ́ láìmọ̀, ọmọ á sì ti dìde lọ wo bọ́ọ̀lù. Tí ẹ bá bojú wẹ̀yìn tí ẹ ò rí ẹnìkan, ẹ dáwọ́ dúró dọ̀la.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí ìpele bá parí, abọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo. Bíríkì kan tó ṣẹ́ kù túmọ̀ sí pé ihò kan wà níbì kan. Ẹ wá fi èékánná fa ìlà láti òkè sísàlẹ̀ lára ògiri ní ibi mẹ́rin: ojú kan ò gbọ́dọ̀ bọ́ sí abẹ́ ojú mìíràn tààrà. Tí ẹ bá rí méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, oríṣi ìpele kan náà ni ẹ tò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ 5: Àpótí

Àpótí kan jẹ́ ìpele 13 àti dẹ́kìn lórí rẹ̀. Ìpele ìbú ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìpele ìbú náà ló sì ń parí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìbú méje, gígùn mẹ́fà. Ó nídìí. Dẹ́kìn jẹ́ pẹlẹbẹ 8 × 16 mẹ́ta tí ẹ tẹ́ síbùú ilé, ojú wọn á sì bọ́ sí kókó kẹjọ àti kẹrìndínlógún. Ìpele ìbú kò ní ojú níbẹ̀ rárá, yálà lábẹ́ dẹ́kìn tàbí lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fi 12 ṣe àpótí kan, ìpele gígùn á bọ́ sábẹ́ dẹ́kìn, ojú rẹ̀ á sì bá ojú dẹ́kìn pàdé. Ibẹ̀ gan-an ló máa ti là lọ́jọ́ tí ẹ bá sún un.

Dẹ́kìn yìí ló ń de ikùn ilé. Láìsí i, ògiri gígùn méjèèjì á máa wú síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè.

Nínú àpótí àkọ́kọ́, kí ẹ tó bo dẹ́kìn, ẹ rọ iyanrìn gbígbẹ sínú náílọ́nù, ẹ so ó, ẹ tún ki í sínú náílọ́nù kejì, ẹ tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ 16 cm sí 9.6 cm. Kí iyanrìn má ga dé etí, kó má sì ti ògiri. Gbogbo bíríkì ilé yìí lápapọ̀ wúwo díẹ̀ ju kìlógíráàmù 4 lọ, ilé sì ga ju ìbú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá fúyẹ́, bọ́ọ̀lù kékeré lè gbé e ṣubú.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Àjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele mẹ́rin: ọ̀kan funfun, mẹ́ta àwọ̀ kejì. Mẹ́rin ní ọ̀nà 26 jẹ́ 104, àpótí mẹ́jọ onípele 13 náà sì jẹ́ 104. Ṣùgbọ́n 13 kò ṣe é fi mẹ́rin pín, nítorí náà ipò funfun ń yí padà láti àpótí kan sí òmíràn. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbogbo àpótí pẹ̀lú funfun, àjà kan á wá fẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹ kọ èyí sórí ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri:

- Àpótí 1 àti 5: funfun ní ìpele 1, 5, 9 àti 13
- Àpótí 2 àti 6: funfun ní ìpele 4, 8 àti 12
- Àpótí 3 àti 7: funfun ní ìpele 3, 7 àti 11
- Àpótí 4 àti 8: funfun ní ìpele 2, 6 àti 10

Ẹ máa fi bírò pa ìpele kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá parí. “Màá rántí” kò sí, kíkọ ló wà.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ dẹ́kìn, orí ògiri ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, láti igun wá sáàárín. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ níbi tó ṣófo lábẹ́. Pẹlẹbẹ á rọ̀ wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì ṣí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Méjì ni àyẹ̀wò yìí, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn ẹ̀ jù. Àkọ́kọ́, kí dẹ́kìn tó bo àpótí, ẹ pa iná yàrá, ẹ ki fóònù tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ẹ fi páálí bo orí. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ló dára jù. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ, bíríkì kan ò jókòó dáadáa níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún wò ó. Ìkejì, ẹ gé páálí kan tó gùn tó ìbú ilé géérégé, ẹ wá nà án sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó ti ní dẹ́kìn. 12.8 cm ni ìbú, 12.8 cm náà ni gíga àpótí láìka kókó orí rẹ̀. Tí àpótí bá ga ju páálí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìpele kan ò tíì wọlé tán, tàbí kó jẹ́ 14 ni ẹ tò.

Ìgbésẹ̀ 6: Ojú ìpín

Ẹ máa kọ́ àpótí kejì tààrà lórí dẹ́kìn ti àkọ́kọ́, ìpele lórí ìpele. Ẹ má kọ́ ọ sí ọ̀tọ̀ kí ẹ tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí rẹ̀. Kókó 144 ló máa fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, agbára tí ẹ máa lò sì lè fọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé tó jẹ́ odidi kan láti ìsàlẹ̀ dókè kò ṣe é gbé gba ẹnu ọ̀nà, kò sì ṣe é gbé sínú mọ́tò. Torí náà a máa pín in sí mẹ́ta: àpótí 1 sí 3, 4 sí 6, àti 7 sí 8. Lórí dẹ́kìn kẹta àti ẹ̀kẹfà, ẹ ṣe báyìí: pẹlẹbẹ 2 × 2 kan ní igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fi táìsì 2 × 4 yí ìyókù ògiri ká, márùn-ún márùn-ún ní gígùn, mẹ́ta mẹ́ta níbùú. Kókó 16 péré ni yóò máa di apá òkè mú dípò 144. Ó tó láti mú un dúró, ó sì rọrùn láti yọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ́ àpótí tó kàn lọ lórí rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ lórí táìsì á máa yọ̀ bíi ẹja. Ẹ má bínú sí i. Ẹ fi rúlà tọ́ ọ kó bá ògiri ìsàlẹ̀ dọ́gba, kí ọmọ kan rọra dì í mú. Ìpele kejì ló máa dè é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí àpótí kẹrin bá ti ní dẹ́kìn, ẹ di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ fì í díẹ̀ síwájú, ẹ gbé e. Ó gbọ́dọ̀ yọ ní odidi, kí pẹlẹbẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró sórí dẹ́kìn kẹta. Tí pẹlẹbẹ kan bá bá a lọ, ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà mọ́ dẹ́kìn.

Ìgbésẹ̀ 7: Orí ilé

Ìpele funfun méjì, ìbú kan àti gígùn kan, kí dẹ́kìn kẹsàn-án sì bò ó. Ìyẹn ni tèmi. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀, ti àwọn ọmọ ni. Tiwa ní ọ̀pá asọ̀rọ̀mágbèsì kan, àgbá omi, àti dìnósọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń wo Òkè Màpó láti òkè. Mo bá wọn jiyàn lórí dìnósọ̀ náà títí tó fi sú mi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ojú ìtẹ́lẹ̀ dé ojú dẹ́kìn òkè. Láti 105 sí 105.5 cm dára. Tó bá lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sí páálí, ẹ wá àpótí tó ga jù.

Ìgbésẹ̀ 8: Gbígbé e, àti títú u

Ọwọ́ kì í kan orí ilé. Ẹ yọ apá òkè, ẹ yọ ti àárín, kí ẹ wá gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú púláì rẹ̀. Ẹ gbé e sí igun yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, torí oòrùn máa ń sọ bíríkì funfun di pupa rúsúrúsú. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó mọ́ ló dára jù fún eruku, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ọjọ́ kan á dé tí wọ́n máa ní àwọn fẹ́ tú u kọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ yọ dẹ́kìn pẹ̀lú irinṣẹ́, láti etí kan, kì í ṣe láti àárín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kà máa kà á bọ̀ sínú abọ́ ní 18, 18, kí ẹ sì so àpótí kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀ pẹ̀lú iye tó wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí 234, ẹ so ó. Tí ẹ bá rí 233, kí ẹnikẹ́ni má rìn láìwọ bàtà kí ilẹ̀ tó mọ́.